Bí A Ṣe Ń Kan Ọkọ̀ Ìwádìí Ojú Ọ̀run Nínú Ìtàn

Títún ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò ṣe ni iṣẹ́ mi. Òṣùwọ̀n tó ń wọn ohun tí kò wúwo ju eruku lọ, máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tó wà nínú omi: bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń jókòó ti ìtàn ọkọ̀ kan tí mo sọ ní Awárí. Ọkọ̀ ìwádìí ni. Kò kó ọmọ ogun, kò kó ọjà. Ènìyàn 28 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lọ sí Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ òòrùn wa ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ ìtàn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya àwòrán ọkọ̀ yìí, mo sì fa mẹ́ta ya. Bí mo ṣe dé orí ìkẹrin ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo fẹ́ kí irú ìtàn báyìí pọ̀ ní èdè Yorùbá, mo sì ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan

Àwòrán mi àkọ́kọ́ rẹwà. Ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́fà, ó ní ìbọn lọ́tùn-ún lósì, àga ọ̀gá ọkọ̀ sì rí bí ìtẹ́ ọba. Nígbà tí mo wá dé ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ará ọkọ̀ ti mú òkúta kan wọlé láti ìta, mo wá ibi tí yóò gbé e lé, n kò rí. Kò sí tábìlì iṣẹ́, kò sí àpótí ìpamọ́, kò sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ ogun ni mo kàn, mo wá kọ "ìwádìí" sí i lára.

Ọkọ̀ ojú omi kan ló là mí lójú. Lọ́dún 1872, ìjọba Bírítéènì rán HMS Challenger, ọkọ̀ ogun wọn kan, jáde láti lọ wádìí ìsàlẹ̀ òkun. Kí ó tó ṣí, wọ́n yọ 15 nínú ìbọn ńlá 17 tó wà lára rẹ̀, wọ́n fi àyè wọn ṣe yàrá àyẹ̀wò, ibi ìto ìgò àti ibi ìká okùn. Ó rìn títí di ọdún 1876, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130,000 kìlómítà, ó sì dúró ní ibi tó lé ní 350 kí wọ́n lè sọ okùn sísàlẹ̀, kí wọ́n wọn bí omi ṣe jìn tó àti bó ṣe tutù tó, kí wọ́n sì fi àwọ̀n gbá ohun tó wà nísàlẹ̀. Irú ohun ẹlẹ́mìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kó bọ̀ tó nǹkan bí 4,700. Ìròyìn ìrìn-àjò náà gba ìwé 50. Ìbọn jáde, ìgò wọlé. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo fa àwòrán mi àkọ́kọ́ ya.

Nítorí náà, ẹ má tíì ronú kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìbéèrè tí ọkọ̀ yín ń lọ béèrè sílẹ̀, ní gbólóhùn kan péré. Kó jẹ́ ìbéèrè tí ẹ̀rọ lè bá yín wọn ìdáhùn rẹ̀. "Kí ló wà lọ́hùn-ún?" kò tó. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ ohun tí yóò fi ìyẹn ṣe.

Ìbéèrè ti Awárí nìyí: "Ṣé afẹ́fẹ́ ṣì kù lójú Proxima b, àbí ìràwọ̀ rẹ̀ ti gbá a dànù?" Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ kéde pílánẹ́ẹ̀tì yìí, tó ń yí Proxima Centauri po. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ìràwọ̀ náà kéré, ó pọ́n, ó sì máa ń bú iná jáde lójijì, irú iná tó lè bó afẹ́fẹ́ kúrò lára pílánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi ku òkúta lásán.

Ẹ wo bí gbólóhùn kan yẹn ṣe kan ọkọ̀ náà fún mi. Awò ńlá tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn di dandan. Spectrometer, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ kí a lè mọ irú afẹ́fẹ́ tí ó gbà kọjá, di dandan. Yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn tún wọlé, tí àwọn 28 náà yóò sá sí bí ìràwọ̀ bá bú. Ká ní òkun abẹ́ yìnyín ni mo fẹ́ wádìí, irú èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó wà nínú Europa, òṣùpá Júpítà, ẹ̀rọ tó ń lu ihò ni ì bá gba àyè jù. Ká ní òfìfo tó wà láàárín ìràwọ̀ ni, mo máa nílò ọ̀pá gígùn. Ọ̀pá mítà 13 ni wọ́n fi na ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà jáde lára Voyager, ọkọ̀ ìwádìí méjì tí Amẹ́ríkà rán lọ sójú òfurufú láìsí ènìyàn nínú wọn, kí iná mànàmáná ọkọ̀ fúnra rẹ̀ má baà dà á láàmú.

Eré tí yóò sá

Ibí ni mo pẹ́ sí jù, ibí náà ni mo sì ń rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ pẹ́ sí, torí iye tí ẹ bá mú níbí ni yóò sọ ọjọ́ orí gbogbo ènìyàn inú ìtàn yín.

Ìmọ́lẹ̀ ń sá tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ibí dé Proxima Centauri, ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ni yóò gbà á. Voyager 1 gbéra kúrò lórí ilẹ̀ ayé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, ó ń sá tó kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì jáde kúrò lábẹ́ atẹ́gùn òòrùn wa, ìyẹn èérún tíntìntín tí òòrùn ń fẹ́ jáde, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Bí irú eré yẹn bá ni yóò fi rin ìrìn Awárí, nǹkan bí ọdún 75,000 ni yóò lò lójú ọ̀nà. Ẹ kọ iye yẹn sára ògiri níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé. Ó máa ń pe ènìyàn padà bí ọwọ́ bá fẹ́ yá jù.

Àwọn kan á ní kí ọkọ̀ ká òfurufú kò níwájú bí ẹní, kí ó sì dé lọ́sẹ̀ kan. Lọ́dún 1994, Miguel Alcubierre, onímọ̀ físíìsì ọmọ Mẹ́síkò, fi ìṣirò hàn pé òfin Einstein kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó gba irú agbára kan tí kò tíì sí ẹni tó rí i ní ìwọ̀n tó nílò. Ẹ lè lò ó nínú ìtàn. Tí ẹ bá lò ó, ẹ fún un ní òfin tirẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Bí ọkọ̀ kò bá lè fò nítòsí ìràwọ̀ ní orí kejì, kò gbọdọ̀ fò níbẹ̀ ní orí kẹwàá nítorí pé ọ̀tá ń bọ̀.

Èmi yan ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀. Ó fún mi ní ọdún 42 àti oṣù díẹ̀. Ẹni tó wọkọ̀ ní ọmọ ọdún 25 yóò dé ibẹ̀ ní ẹni ọdún 67. Mo yàn án nítorí pé eré yẹn kì í ṣe àlá lásán: láti ọdún 1973 sí 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British Interplanetary Society, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ìrìn-àjò òfurufú ní Bírítéènì, jókòó, wọ́n ṣírò ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Daedalus, tí yóò sá tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ lọ sí ìràwọ̀ Barnard. Epo rẹ̀ jẹ́ 50,000 tọ́ọ̀nù, àpòpọ̀ deuterium (irú háídírójìn kan tó wúwo) àti helium-3 (irú hílíọ́mù kan tó fúyẹ́), wọ́n sì ní inú afẹ́fẹ́ Júpítà ni wọn yóò ti lọ wa helium-3 náà. Ẹrù ìwádìí tí gbogbo epo yẹn ń gbé kò ju nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù lọ. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró: bó bá dé, yóò kọjá lọ fìì ni.

Dídúró yẹn ló le jù. Epo tí ẹ máa fi dá ọkọ̀ dúró jẹ́ ẹrù tí epo tí ẹ fi gbéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rù. Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ kan ní Rọ́ṣíà, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1903, kò sì tíì sí ẹni tó rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Nínú àwòrán mi kẹrin, àgbá epo ló gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọkọ̀ náà, àwọn ènìyàn sì ń gbé níwájú bí ẹyẹ lórí ìtí igi. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á bẹ́ẹ̀, nítorí kò lẹ́wà bíi ti àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Bí àgbá kan bá ṣófo, wọ́n á jù ú sílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á sì dúró wò ó bó ṣe ń lọ.

Ẹ má gbàgbé eruku. Ní irú eré yẹn, ohun tó wúwo tó gíráàmù kan péré yóò lu ọkọ̀ pẹ̀lú agbára tó jẹ ti 100 tọ́ọ̀nù ohun abúgbàù. Asà wà níwájú Daedalus, irin beryllium tó nípọn tó mìlímítà méje. Awárí náà ní tirẹ̀, mo sì fi ẹnì kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka àpá tó wà lára asà náà, lọ́jọ́ gbogbo, fún ọdún 42.

Ìwúwo, gbígbọ̀n, àti ibi tí awò ńlá yóò wà

Nígbà kan, wọ́n pè mí sí yàrá àyẹ̀wò kan pé òṣùwọ̀n wọn ń purọ́. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀, òótọ́ ló ń sọ. Bó bá di ọ̀sán, iye rẹ̀ á máa yí. Mo tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí àrùn kankan. Ní ọjọ́ kẹta, mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi lọ́wọ́: ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn lọ́sàn-án ló ń fẹ́ lu àwo òṣùwọ̀n náà. Mo sún tábìlì náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n mítà kan, wàhálà tán.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ fi ẹ̀rọ kan sínú Awárí, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ohun tí yóò máa dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ènìyàn kò lè léfòó nínú òfurufú fún ọdún 42. Nínú ISS, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po, egungun ìbàdí máa ń pàdánù tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù bí ènìyàn kò bá ṣe eré ìdárayá dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí á máa yí ibùgbé bí àgbá kẹ̀kẹ́, kí àwọn ará ọkọ̀ máa rìn ní ìhà inú etí rẹ̀. Bí ó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì fẹ́ kí ìwúwo ara rí bíi ti orí ilẹ̀ ayé, láti àárín dé etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó mítà 224. Ẹ má ṣe é kéré kí ẹ wá mú un yára yí: orí á máa kọ́ àwọn ènìyàn yín, wọn ò sì ní lè bu omi sínú ife láìdà á nù.

Ó dára. Òrùka ńlá ń yí. Ṣùgbọ́n awò ńlá wa gbọ́dọ̀ dojú kọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìmì. Ènìyàn 28 ń rìn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ sì ń gba ara irin lọ sọ́dọ̀ awò náà. Nínú àwòrán mi kejì, orí òrùka yẹn gan-an ni mo gbé awò lé! Ní ìkẹrin, mo tú u sílẹ̀. Awò Awárí ń fò fúnra rẹ̀ ní kìlómítà mẹ́ta sí ọkọ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju rédíò lọ, bó bá sì bàjẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ aṣọ òfurufú kó lọ bá a nínú òkùnkùn. Orí mẹ́ta tó dára jù nínú ìtàn mi ti inú ìpinnu kan yẹn jáde.

Ohun kan tún wà tí àwọn ayàwòrán máa ń gbójú fò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọkọ̀ láti gbéra, ìhà ẹ́ńjìnnì ni ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń tì í pẹ̀lú ìwúwo kan náà tí a mọ̀ láyé, nǹkan bí ọjọ́ 35 ni yóò fi dé eré tí mo yàn, yóò sì tún tó bẹ́ẹ̀ láti dúró. Lẹ́yìn náà ni òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìsàlẹ̀ á sì di ibòmíì. Àwọn yàrá Awárí rọ̀ lórí ìkọ́ bí agolo, wọ́n ń fì sí ibi tí ìwúwo bá wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fì, gbogbo ènìyàn á palẹ̀ ohun tó wà lórí tábìlì mọ́.

Afẹ́fẹ́, omi, ooru

Èyí kò ní gùn. Ènìyàn kan ń lo nǹkan bí kìlógíráàmù 0.84 ọ́síjìn lójúmọ́. Fún ènìyàn 28 fún ọdún 42, ó lé ní 360 tọ́ọ̀nù. A ò lè gbé e, a gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe ni. ISS ti fi hàn lọ́dún 2023 pé a lè gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún omi padà, ti òógùn àti ìtọ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ìdá méjì tó ń sọ nù yẹn ṣe ìṣòro inú ìtàn yín, ó tó gbẹ̀mí.

Ooru ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọkọ̀ á di yìnyín lójú òfurufú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfìfo ló ń jẹ́ kí fláàsì tọ́jú omi gbígbóná. Ọkọ̀ yín wà nínú fláàsì tó tóbi jù lọ. Ẹ fún un ní pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ tí yóò máa tan ooru dànù, kí ẹ sì yà á kó hàn.

Àwọn tó wà nínú rẹ̀

Ẹ má kọ́kọ́ yan ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ padà sí ìbéèrè yín, kí ẹ yan àwọn tí kò lè dáhùn rẹ̀ láìsí ara wọn. Ní ti Awárí: ẹni tó mọ ìràwọ̀, ẹni tó mọ afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó mọ eruku. Mo sì yan atún-ẹ̀rọ-ṣe mẹ́rin, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í fi ọdún 42 ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín agbára iná kù. Voyager méjèèjì ń lo ooru plutonium-238, irin kan tó ń tú ooru jáde fúnra rẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ ń tán láàárín nǹkan bí ọdún 88, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi iná tó kù tọ́jú ìyókù. Ẹ ronú sí ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu èyí tí wọn yóò pa. Mo kọ irú rẹ̀ fún Awárí. Àdùkẹ́ ló ni spectrometer, Bánkọ́lé ló ń ka eruku:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i."

"Mo ti fún ọ ní mẹ́fà, Bánkọ́lé. Iná tí ẹ̀rọ rẹ ń jẹ ni ẹ̀rọ mi ń wá."

"Ibi tí a wà yìí, ẹ̀gbọ́n, a ò ní padà gba ibẹ̀ mọ́. Pílánẹ́ẹ̀tì yín ò ní kúrò níbi tó wà."

Àdùkẹ́ kò fèsì. Ó dìde, ó lọ pa ti ara rẹ̀ fún oṣù kan. Kò sí ẹni burúkú nínú yàrá náà, síbẹ̀ ọkàn ẹni tó ń kàwé á máa lù kìkì. Irú ìjà yìí ni kí ẹ wá.

Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ilé

Ẹ ṣírò bí ọ̀rọ̀ á ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rédíò sí Voyager 1 ń gbà ju wákàtí 22 lọ ní àlọ nìkan. Ní ti Awárí, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lọ ń fi ju oṣù kan lọ kún un. Kò sí ìbéèrè-kí-o-fèsì mọ́, lẹ́tà nìkan ló kù, àwọn kan sì máa dé lẹ́yìn tí ẹni tó kọ wọ́n ti kú. Aago inú ọkọ̀ náà ń rẹ̀yìn díẹ̀: títí wọ́n á fi dé, yóò ti fi nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ kéré sí ti ilé.

Àwọn tó kù nílé pẹ̀lú kò jókòó lásán. Awò James Webb, awò ńlá kan tó wà lójú òfurufú, gbéra ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó sì ti ń wo afẹ́fẹ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà. Láàárín ọdún 42, awò tó tóbi jù ú lọ á dé. Nínú ìtàn mi, ní ọdún kọkàndínlógún, lẹ́tà kan bá Awárí: wọ́n ti rí ìdáhùn nílé. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Lẹ́tà náà ti rìn fún nǹkan bí ọdún méjì kó tó bá wọn.

Mo kọ orí yẹn ní ìgbà mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí wọ́n yí padà, ọkọ̀ kò ní epo tó lè yí i. Mo fẹ́ kí wọ́n sunkún, wọ́n sunkún, ìtàn náà kò sì lọ síbì kankan. Nígbà tó yá, mo ní kí Àdùkẹ́ nu pátákó ìkọ̀wé inú yàrá ìpàdé, níbi tí ìbéèrè wọn ti wà láti ọjọ́ kìíní, kí àwọn 28 náà sì jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ kí wọ́n tó kọ òmíràn. Ẹ fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn yín.

Kí wọ́n tó balẹ̀ níbikíbi, ẹ fún wọn ní òfin nípa kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n gbé láti ilé. Àdéhùn òfurufú ti ọdún 1967 ti sọ pé a kò gbọdọ̀ kó èérí bá àwọn ayé mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn tó ni Cassini, ọkọ̀ ìwádìí tó ń yí Sátọ́ọ̀nù po láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, mọ̀ọ́mọ̀ darí rẹ̀ sínú Sátọ́ọ̀nù kó lè jóná níbẹ̀, kó má baà lọ já lu òṣùpá tó ṣeé ṣe kí ẹ̀mí wà. Lẹ́yìn ọdún 42, ẹni tó ní "a ò tíì lè balẹ̀" àti ẹni tó ní "ọjọ́ orí mi ti lọ" ni ẹ máa fi sínú yàrá kan náà.

Ojú ewé kìíní

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbúgbàù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, ní ọjọ́ kan ṣáá láàárín ìrìn-àjò, kí iye nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kí ohun kan tí kò yé ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tèmi rèé:

"Ọjọ́ 5,212. Àpá tuntun 11 lára asà, gbogbo rẹ̀ kéré. Omi inú àgbá kejì fi lítà mẹ́rin dín, a ṣì ń wá ibi tó gbà. Lẹ́tà dé láti ilé, ọdún kan àti oṣù márùn-ún ló fi rìn. Mo tún spectrometer wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà tinrín kan ṣì ń yọ níbi tí kò yẹ kó wà. Mo ti pa iná yàrá, mo ti pa amúlétutù, mo ti ní kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan. Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ bá awò lọ́hùn-ún."